Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ẹ̀rọ Géèmù Tarnwick Tí Wọ́n Pa Ṣáájú Ọdún Mẹ́wàá Tí Wọ́n Ṣèlérí

Ilé Ìtọ́jú Àgbà Willow Bend,
Yorkton, Saskatchewan.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin, ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Oníbàárà,
Regina, Saskatchewan.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌLÉRÍ TÍ ILÉ-IṢẸ́ TARNWICK KÒ MÚ ṢẸ

1. Èmi ni mo ń ṣètò eré ìdárayá fún àwọn àgbà tó ń gbé nílé yìí. Mo ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ Tarnwick lẹ́ẹ̀mẹrin. Èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi bí ẹni ń ka àkọ́sórí, ó sì ti sú mi.

2. Oṣù kẹwàá ọdún 2016 la ra ẹ̀rọ géèmù wọn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé àwọn yóò máa ṣàtìlẹ́yìn fún un fún ọdún mẹ́wàá. Àwòrán páálí náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, ìkìlọ̀ hàn lójú tẹlifíṣọ̀n pé ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, wọ́n ti ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pa, géèmù náà kò sì ṣí mọ́. Ọdún méje àti oṣù mẹ́ta kì í ṣe ọdún mẹ́wàá, bó ti wù kí a kà á.

3. Ẹ lè ní eré lásán ni. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Ọ̀gbẹ́ni Orest Hrynkiw, àgbẹ̀ àlìkámà tẹ́lẹ̀, lọ́dún 2021. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Géèmù bọ́ọ̀lù tí a ń yí lu igi mẹ́wàá ló fi kọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ níṣẹ́: èèyàn á di ọ̀pá kékeré mú, á sì fì í bí ẹni ń ju nǹkan. Ẹni tí wọ́n jọ ń figagbága lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sán gbogbo Ọjọ́rú ni àbúrò rẹ̀, Ìyáàfin Stefania Kozak, tó wà nílé ìtọ́jú kan ní ìlú Dauphin. Ẹ̀rọ ni Ìyáàfin náà fi ń mí, kò lè rìnrìn àjò. Ọdún kẹfà rèé tí wọn kò tíì fojú kan ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú géèmù náà, a máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀: “Bùrọ̀dá Orest, ṣé bọ́ọ̀lù lẹ ń yí ni, àbí adìẹ lẹ ń lé?” Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Hrynkiw bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Dúró ná!” Òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó já gaara lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà àìsàn náà.

4. Ọjọ́rú gan-an ni wọ́n pa ẹ̀rọ náà, láàárín ìdíje. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn. Ọ̀gbẹ́ni Hrynkiw kò dúró, ó ń fi ọ̀pá náà lọ, ó ń fì í bọ̀. Ó rò pé ọwọ́ òun ló tún kú.

5. Mo pe Tarnwick. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, “Màámi, ẹ̀rọ yín ti darúgbó. Ẹ ra tuntun.” Mo ní, “Ọmọ mi, gbogbo àwọn tó ń lò ó ló dàgbà jù ú lọ.” Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ méjèèjì ni tuntun ń fẹ́, géèmù náà kò sì sí nínú rẹ̀. A mọ̀ níhìn-ín pé kò sí katakata tí kì í gbó. Ṣùgbọ́n a kò tíì rí ẹni tó tà á tó padà wá yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lóko.

6. Ní oṣù kẹta, a gbé Ọ̀gbẹ́ni Hrynkiw sínú ọkọ̀ ilé wa, a forí lé Dauphin. Yìnyín dá wa padà ní Roblin lójú ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Ìyáàfin Kozak lọ sílé ìwòsàn. Ó ti padà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le.

7. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ pàṣẹ kí Tarnwick ṣí ọ̀nà náà títí ọdún mẹ́wàá yóò fi pé. Bí wọn kò bá lè ṣe é, kí wọ́n jẹ́ kí ilé méjèèjì so ẹ̀rọ wọn pọ̀ fúnra wọn. Kí ilé-iṣẹ́ kankan má sì tún fi ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì pa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

8. Mo gbọ́ pé ẹ óò jókòó gbọ́ ẹ̀sùn ní oṣù karùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni Hrynkiw ní kí n forúkọ òun sílẹ̀. Ó ní òun fúnra òun fẹ́ wá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bó bá dìde, ẹ má ṣe kán an lójú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Glenda Pawluk (Ìyáàfin),
Olùṣètò Eré Ìdárayá.