Ẹtu Tí Kọ̀ǹpútà Yín Rí Lóko Mi

Ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ bátìrì. Mẹ́jọ ni kámẹ́rà tí ẹ so mọ́ igi ààlà oko mi ń jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yọ méjì fún rédíò mi fún ọjọ́ mẹ́ta, torí mo rò pé mẹ́fà yóò tó ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Mo ti dá a padà, ó pé mẹ́jọ, mi ò jẹ yín ní nǹkan kan mọ́. Ìyẹn ni ẹ ò fi rí àwòrán fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má sọ pé àwọn ẹranko ló yanṣẹ́ lódì.

Wàyí o, ṣé ara le? Ṣé àwọn ọ̀gá rẹ ń jẹ́ kí o jẹun lásìkò? Ojú tí o fi ń wo ẹranko láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò ní dùn ọ́, ẹranko burúkú kankan ò sì ní wo ìwọ náà padà. Bàbá rẹ ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti ń san, ó ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà láti lọ ṣàròyé níbẹ̀.

Awakọ̀ kó ìwé rẹ àti àwòrán tí o fi ránṣẹ́ dé. O ní ètò tuntun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín, òun fúnra rẹ̀ ló ń wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán, tó ń kọ orúkọ ẹranko sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé bó bá ti rí ènìyàn, ńṣe ló ń yọ ọ́ sọnù. Ìyẹn dùn mí. Láràárọ̀ ni mò ń wẹ̀, tí mò ń wọ aṣọ tó mọ́, tí mò ń dúró níwájú kámẹ́rà yẹn láti kí ọ, kí n sì sọ bí ilé ṣe rí. Ọ̀kẹ́rẹ́ kọjá, ẹ tọ́jú àwòrán ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi tí mo bí ọ, ẹ dà mí nù. Bá mi bi kọ̀ǹpútà náà bóyá wọn ò kọ́ ọ ní ìkíni nílé tirẹ̀ ni.

Ó yá, ká dé orí ọ̀rọ̀. O ní kọ̀ǹpútà rí ẹtu lóko mi nígbà mẹ́tàdínlógún, ẹtu tí ẹnikẹ́ni ò rí lágbègbè yìí láti ìgbà tí o ti wà lẹ́nu ọmú, inú àwọn ọ̀gá yín sì ń dùn, ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ sí ìwé, kí n bá ọ wò ó bóyá ẹtu ni. Mo wò ó. Mo gba awò ojú bàbá rẹ, mo tún un wò. Pupa ni, ó ní ìwo kékeré, ó ki orí bọ inú ẹ̀wà ẹlẹ́wà. Ṣùgbọ́n máàkì tí kọ̀ǹpútà fún ara rẹ̀ nísàlẹ̀ ló dá mi dúró, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ mi, gbogbo ọdún mẹ́fà tí mo lò níléèwé, mọ́kànléláàádọ́ta ni mo gbà tó ga jù, tíṣà sì ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ta wá ni èmi tí n óò sọ fún ẹni tó gba irú máàkì yẹn pé kò mọ̀wé?

Nǹkan mìíràn tún wà nílẹ̀. Bíríkìlà tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà ti pè wá lẹ́jọ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbà àdúgbò. Ó ní Ajẹmáyó, ewúrẹ́ tí mo rà lẹ́yìn tí o lọ, ló ń jẹ ẹ̀wà òun. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé, wọ́n sì ti sọ nígbà kejì pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹni tó ni ẹ̀wà ni yóò fa ewúrẹ́ lọ. Ewúrẹ́ náà lóyún, bóyá ọmọ méjì ló wà níkùn rẹ̀. Bíríkìlà sọ ní gbangba pé ewúrẹ́ mi ti sọ oko òun di búkà, ó kù kó máa mú abọ́ bọ̀. Mo ní kí ló fẹ́ jẹ lára ẹ̀wà tó tẹ̀ bí ògiri tó ń mọ. Àwọn àgbà ní ká dákẹ́, ohun tí kámẹ́rà bá rí ni ìdájọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àmín. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, ewúrẹ́ ò sì ní ju ẹnu oúnjẹ lọ, èmi ni n óò bá a kọ̀.

Mi ò ní kí o purọ́, mi ò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ní kí o má já lu ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Òun ló sọ ọ́. Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, lu òǹtẹ̀ yín, fi rán awakọ̀. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, kí o wá fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ẹtu kì í ní okùn tó já lọ́rùn.

Má rò pé mo fẹ́ rẹ́ bíríkìlà jẹ. Ebè méjì tó run, mo ti tún un gbìn fún un láàárọ̀ kùtù, irúgbìn tèmi. Nítorí náà, bí ẹ bá rí obìnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oko ẹ̀wà, kí kọ̀ǹpútà dà á nù bó ṣe máa ń ṣe. Mo ti dárí ìyẹn jì í.

Mo di ẹ̀pà sínú ọ̀rá fún kọ̀ǹpútà náà, má bá a jẹ ẹ́. Ìwọ náà fi owó bátìrì rédíò ránṣẹ́, àti owó okùn tó nípọn, kí n fi so ẹtu yẹn mọ́lẹ̀ kó tó tún jáde.

Bí o ṣe ń bo àṣírí ìyá rẹ, Ọlọ́run yóò máa bo tìrẹ. Ọjọ́bọ̀ ni ìgbẹ́jọ́. Èmi ìyá rẹ yóò ti dúró sí ibùdókọ̀ de èsì rẹ, ọkọ̀ àárọ̀, Ọjọ́rú.