Àwókù Tí Lékè Fẹ́ Fi Ṣe Àtẹ̀gùn Ìyá

Bàbá Ayọ̀mipọ̀,

Hàlímátù ọ̀rẹ́ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Rexdale nílùú wa níbí, níbi tí wọ́n ti ń lọ àwókù ilé, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé a lè fi kọnkéré àlòkù ṣe kọnkéré tuntun, bí wọ́n bá ti ṣà á mọ́. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n èyí tí Lékè, bíríkìlà yín, dà sẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀ yìí, igi jíjẹrà àti pátákó funfun ara ògiri ló kún inú rẹ̀. Mo fi hàn án. Ó ní, "Màmá Ayọ̀, sìmẹ́ńtì á bo gbogbo ẹ̀."

Mo bá ka bébà tí wọ́n fi ra àwókù náà, tó mú wá, sókè díẹ̀díẹ̀: "Fún dídí kòtò nìkan."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀n-ẹ́n! Màmá Ayọ̀ ti di tíṣà!"

Orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀ bébà náà. Èmi tí mo kọ́ ìwé lẹ́ni àádọ́ta ọdún kà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sí yunifásítì, ẹ fọwọ́ sí i láì kà á! Ìyá yín ni yóò máa fi ọ̀pá gun àtẹ̀gùn tí Lékè fẹ́ fi í ṣe yẹn. Bí yìnyín bá wọ inú rẹ̀ tó sì là á, ta ni yóò gbé wọn nílẹ̀?

Lékè ti wó àtẹ̀gùn àtijọ́ iwájú ilé, nítorí náà ẹ gba ẹ̀yìn wọlé. Ọbẹ̀ wà nínú fíríìjì. Ẹ má pe Lékè padà. Mo dúró tì í títí ó fi kó àwókù rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Mo ní, "Ó dàbọ̀ o." Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, kò bojú wẹ̀yìn.