Bí Mo Ṣe Fi Àǹtí Bàṣírát Ṣe Ẹni Ìkẹyìn

                                        Ilé Kẹsàn-án, Òpópónà Olúwọlé,
                                        Ajah, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Bọ̀sún, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti mókun lẹ́yìn ìbímọ? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Bàbá ní Ṣakí ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Èmi náà wà, ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Omi ẹ̀rọ ilé wa nìkan ló ń bá mi jà. Kò sí ẹ̀wù funfun kan tó kù fún mi tí kò tíì pọ́n.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù níjọ́sí, o bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni ìjọba ìbílẹ̀ gbà mí fún. Mo ṣàlàyé, o sì rẹ́rìn-ín títí o fi ń wúkọ́. O ní ṣé wọ́n ń sanwó fún ènìyàn nítorí kó lè máa ka ènìyàn ni. Aláwàdà ni ọ́! Jẹ́ kí n tún un ṣàlàyé. Ẹ̀ka ìgbáyé-gbádùn wa ní ọ́fíìsì kéékèèké márùn-ún káàkiri àdúgbò, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, àwọn tó ní ìpèníjà ara àti àwọn ìdílé tí nǹkan kò rọrùn fún. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe ni wọ́n ń kọ sínú fọ́ọ̀mù. Èmi ni mo ń kó o jọ sórí kọ̀ǹpútà, tí mo sì ń fi ṣe àtẹ tí àwọn ọ̀gá fi ń mọ ọ́fíìsì tó ń ṣe dáadáa àti èyí tó ń falẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Mo tilẹ̀ ń fi í yangàn, o ṣáà mọ̀ mí.

Ní oṣù Kẹsàn-án, mo ṣe àtẹ kan tó wù mí débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù mi. Mo to àwọn ọ́fíìsì náà bí wọ́n ṣe ń yára parí ọ̀rọ̀ ẹni tó bá wá bá wọn. Èyí tó ṣe ipò kìn-ín-ní ń lo nǹkan bí ogún ọjọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn, ìyẹn Igbó Ẹfọ̀n, ń lo oṣù márùn-ún. Mo kun ìlà Igbó Ẹfọ̀n ní pupa kí ojú ẹnikẹ́ni má baà fò ó. Kò sì fò ó lóòótọ́. Ọ̀gá Ọdúnjọ tí í ṣe olórí ẹ̀ka wa wò ó, wọ́n ní kí wọ́n ti ọ́fíìsì náà pa ní ìparí oṣù Kẹwàá, kí wọ́n pa gbogbo fáìlì ibẹ̀ dé, kí wọ́n sì gbé Àǹtí Bàṣírát tó ń dá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ máa ṣọ́ sítọ́ọ̀. Wọ́n wá ní kí n lọ wo ohun tó fa ìfàsẹ́yìn náà, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí lẹ́tà ìtìpa náà tó jáde.

Láti Ajah títí mo fi dé ibẹ̀ ni mo ń ro bí n ó ṣe sọ ọ́ kí obìnrin náà má baà sunkún. Họ́wù! Àǹtí Bàṣírát kì í ṣe ẹni tó ń sunkún. Wọ́n á tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, híjáàbù wọn mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n bàtà kànfáàsì ẹsẹ̀ wọn ti gbó, eruku sì bò ó. Lára ògiri yàrá kan ṣoṣo tó jẹ́ ọ́fíìsì wọn, wọ́n fi bíírò ya gbogbo ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé láti Ikate dé Ṣàngótẹ̀dó, wọ́n sì kọ orúkọ fọ́máànù kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà, ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní èmi ni mo gbẹ̀yìn. No wàhálà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ wá Màmá Ìsmáílà, tá a bá dé, ẹ lè wá máa bá mi wí.”

Màmá Ìsmáílà yìí jẹ́ opó láti Ìwó, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn tó jẹ́ bíríkìlà ni wọ́n ń gbé. Ilé tí ọmọ bá ń kọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń sùn sí. Bí ilé náà bá ti parí, wọ́n á kó ẹrù wọn lọ síbòmíràn. Àwọ̀ funfun ti bo ojú wọn méjèèjì. Àǹtí Bàṣírát ti bá wọn gba ààyè ní ọsibítù láti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ni wọ́n fún wọn. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ìyá àti ọmọ ti kó kúrò ní Ikate, fóònù ọmọ kò sì lọ mọ́. Bí wọ́n bá pa fáìlì wọn dé, ààyè náà á bọ́.

Mo tẹ nọ́ńbà Ìsmáílà sínú kọ̀ǹpútà mi bóyá a ó rí nǹkan kan. Bọ̀sún, orúkọ ìyá náà jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ní Igbó Ẹfọ̀n, oṣù méje ni, kò tíì parí. Ní ọ́fíìsì tó ṣe ipò kìn-ín-ní, tí n kò ní dárúkọ, ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré, ó ti parí. Inú mi dùn, mo ní wọ́n ti ṣe ojú náà nìyẹn. Àǹtí Bàṣírát pe òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ọ̀hún lórí fóònù. Ó ní òun lọ lẹ́ẹ̀mejì, òun kò bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé mọ́. Fọ́ọ̀mù sì rèé, ohun méjì péré ló wà níbẹ̀ láti yàn: “ó ṣì ń lọ” tàbí “ó ti parí.” Ó bá tẹ “ó ti parí.”

Èmi ni mo ṣe fọ́ọ̀mù yẹn, ọ̀rẹ́ mi. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè.

A dé ibi ilé kíkọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Àǹtí Bàṣírát ń bá fọ́máànù kan sọ̀rọ̀, ó ń júwe òmíràn fún wọn, èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn wọn. Ìkẹrin, ní Ṣàngótẹ̀dó, la ti bá ìyá náà lábẹ́ àtẹ̀gùn tí wọn kò tíì kọ́ parí, tí wọ́n ń fi ọwọ́ táràrà ṣa ẹ̀wà. Wọn kò rí wa, ìró ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n gbọ́.

“Bàṣírá, o mà pẹ́ o. Ta ló tẹ̀ lé ọ?”

“Ọ̀gá tó ń kà wá ni, Màmá.”

“Ṣé ó ti kà mí?”

Omi lé ròrò sójú mi, mo ń díbọ́n pé eruku ni.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo jókòó ti fóònù, mo pe ọgọ́ta ènìyàn tí ọ́fíìsì ipò kìn-ín-ní sọ pé ọ̀rọ̀ wọn ti parí. Ẹni mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí wọ́n wà. Mo kó o lọ bá Ọ̀gá Ọdúnjọ. Wọ́n bi mí pé ta ló ṣe fọ́ọ̀mù náà, mo ní èmi ni. Wọ́n bú mi dáadáa, wọ́n sì dá lẹ́tà náà dúró. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún Igbó Ẹfọ̀n kí wọ́n tó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Wọ́n gbà kí a fi ìbéèrè tuntun kan sí i, Àǹtí Bàṣírát ló sì dá a lábàá: ta ló fojú ara rẹ̀ rí ẹni náà kẹ́yìn, ọjọ́ wo sì ni? Ṣùgbọ́n wọ́n ní àtẹ ìyára mi kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀.

Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún Màmá Ìsmáílà lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́jọ́ kejì, Màmá tẹjú mọ́ mi títí, wọ́n ní àwọn rò pé ẹni tó ń ka ènìyàn á dàgbà jù báyìí lọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo ti na ìka láti tẹ “ó ti parí,” Àǹtí Bàṣírát bá gbá mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ojú òsì ńkọ́? Oṣù Kìíní ni wọ́n máa ṣe ìyẹn.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, fi ẹnu ko ọmọ tuntun lẹ́nu fún mi, kí o sì sọ fún Bàbá pé mò ń bọ̀ wá wo ẹsẹ̀ wọn nígbà ọdún. Tí o bá tún fẹ́ fi iṣẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́, ó yá, máa ṣe é lọ.

Àtẹ oṣù yìí jáde lánàá. Igbó Ẹfọ̀n ló tún gbẹ̀yìn, nítorí fáìlì Màmá Ìsmáílà ṣì wà ní ṣíṣí. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, inú mi sì dùn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ka ènìyàn,

Àdúràgbèmí