Ìbéèrè Tí Wọ́n Bi Mí Nípa Bàbá Rẹ

Ọ̀fàdà,
Ìparí oṣù kọkànlá, 2006.

Tòún ọmọ mi,

Mo kí ọ láàárọ̀, mo kí ọ lọ́sàn-án, mo kí ọ lálẹ́, èyí tí lẹ́tà yìí bá bá ọ ni kí o mú níbẹ̀. Iṣẹ́ Èkó kò ní gbẹ̀mí rẹ, ọ̀gá rẹ kò sì ní máa rí ọ bínú. Ṣe àmín, bí o tilẹ̀ sọ pé ó ti ń rí ọ bínú báyìí.

Lẹ́tà rẹ dé, mo kà á, mo tún un kà, ó sì dùn mí wọra. O ní mo parọ́ fún àwọn tí ilé iṣẹ́ yín rán wá, pé irọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ tí ẹ ṣe fún àwa tí ń bọ ìrẹsì wúlò, pé ọ̀gá rẹ ń wá ẹni tó kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwọ lo kọ ọ́, àti pé o kò ní wá sílé ní Kérésì mọ́. Gbogbo èyí tó kù ni mo lè gbà, Tòún, àmọ́ Kérésì yìí, o gbọ́dọ̀ wá. Ohun tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí fóònù Sàúdátù tó ń ta káàdì lo ń pè, gbogbo ẹni tó bá dúró níbẹ̀ ló máa ń na etí sílẹ̀ bíi pé àwọn lò ń bá sọ̀rọ̀.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dáníẹ́lì wọlé, ó de táì nínú oòrùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọbìnrin kan, Delight, kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní Tòún ló júwe ilé fún àwọn. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí mi, wọ́n béèrè àwọn tó ń gbé inú ilé, wọ́n béèrè ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tó le. Ta ni yóò rí èyí tí kò ní mọ̀ pé àna ló dé? Bí àwọn ẹbí bàbá rẹ ṣe wá wo ilé wa nìyẹn kí wọ́n tó fẹ́ mi, àwọn náà fẹ́ mọ̀ bóyá àìsàn wà nínú ẹbí wa. Mo sáré lọ pa adìẹ.

Dáníẹ́lì gbé ẹ̀rọ kékeré kan síwájú mi, ó ní yóò gba ohùn mi. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló wà ní òdìkejì tó ń gbọ́, bíi ti fóònù. Mo kí i, mo kí ọkọ rẹ̀, mo ṣàdúrà fún ilé wọn. Obìnrin náà kò dá mi lóhùn, mo sì fi sùúrù gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni Delight wo ìwé tí o kọ, ó ní Bàbá lágbára dáadáa, wọ́n sì ń bá mi gbé ìkòkò ìrẹsì kúrò lórí iná, àbí? Ìwọ náà wo ìbéèrè yẹn. Ẹni tó béèrè ti dáhùn tán, kí n ṣáà mi orí ló kù. Ṣé kí n wá sọ lójú àna pé Bàbá rẹ wà lórí ẹní nínú yàrá, pé èmi ló ń yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́? Mo rọra ti ilẹ̀kùn, mo ní wọ́n lágbára bí ọ̀dọ́, oko ni wọ́n wà. Bàbá rẹ gbọ́ ọ, wọ́n sì pa ikọ́ mọ́ra títí àwọn àlejò fi lọ. Ròkíátù, opó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, náà ní àwọn ọmọ òun ń bá òun gbé tòun, bẹ́ẹ̀ Magboro ni gbogbo wọn wà, wọ́n ń po sìmẹ́ńtì fún àwọn ará Èkó.

Ẹ̀rọ tí ẹ wá gbé wá, ìkòkò irin ńlá ni, èyí tó jẹ́ pé ọkùnrin tó lágbára ló lè dà á. Ó ń dán, ó wu ojú. Mo fi gbogbo ara tì í, kò mira, ìrẹsì tí mo bọ̀ sínú rẹ̀ sì di ẹ̀kọ síbẹ̀. Adìẹ Ròkíátù ti yé sínú tirẹ̀.

Bí wọ́n bá tún ní kí o kọ ìbéèrè, wo obìnrin tó ń ti Ifo wá ra ìrẹsì lọ́wọ́ mi. Kì í bi mí bóyá ìrẹsì mi dára. Ṣé màá ní kò dára ni? Ó máa ń ní kí n sọ bí mo ṣe ṣe èyí tó wà níwájú òun, látìgbà tí mo ti rẹ ẹ́ sómi, á wá dákẹ́. Bó bá ti dákẹ́ báyẹn, òótọ́ ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, títí kan òkúta inú rẹ̀.

Ìwọ náà, tí o bá ti pè, wàá ní Bàbá wà dáadáa, àbí? A ó ní wọ́n wà dáadáa. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n máa sọ bẹ́ẹ̀, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ níbi iṣẹ́. Láti ìgbà òjò ni wọn ò ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, Tòún. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì bàjẹ́ gan-an.

Owó oògùn ti tán, àmọ́ má fi owó tí o bá ní ránṣẹ́, òun ni kí o fi wọkọ̀. Sọ̀ ní Mowe, kí o gun ọ̀kadà wọlé. Bí Dáníẹ́lì kò bá tíì yí ọkàn padà nípa rẹ, mú un dání.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà, á fún ọ ní ọ̀gá tó ní àánú, á fún ọ ní ilé tìrẹ. Tí o bá dé, má bi Bàbá rẹ bóyá ara wọn le. Jókòó tì wọ́n, ní kí wọ́n sọ bí òru ṣe rí, kí o sì dákẹ́. Wọ́n ṣì máa ń lè sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀. Tètè wá, kí o lè bá ẹni tí yóò dá ọ lóhùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.