Ohùn Ìyá Àgbà Tí Mo Fi Èéfín Tọ́jú

Sewanu, ọmọ mi,

Eku kọ́ ló gbé fíláàṣì rẹ lọ. Èmi ni mo gbé e pamọ́. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó kí ọ, torí mo mọ ara mi: bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìkíni, n óò kí ọ, n óò kí ọkọ rẹ, n óò kí àwọn ará àdúgbò yín, ìwé á sì tán kí n tó dé orí ọ̀rọ̀.

Ó yá, ṣé dáadáa ni ẹ wà ní Sùúrùlérè? Ọmọ ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti ń yọ? Ọlọ́run tó ń mú ọkọ̀ apẹja padà sí èbúté kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín ṣìnà nínú ìlú ńlá yẹn. Àwa náà wà níbí. Àgbọn ti gbó, ọ̀sà ti fà díẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun sì ti jẹ páànù ilé wa débi pé mo ń rí oṣù láti orí bẹ́ẹ̀dì mi. Comfort àbúrò mi ní kí n kí ọ, ṣùgbọ́n kò bá èmi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́, o ó sì mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

O rántí ọdún tí o fẹ́ parí ẹ̀kọ́ rẹ ní yunifásítì, tí o wá jókòó ti ìyá mi, tí o ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ, bó ṣe ń pa ìtàn ní èdè Ògù, tó ń kọrin. O kó gbogbo rẹ̀ sínú fíláàṣì, nǹkan kékeré tí kò ju ìka lọ tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, o ní kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀, bóyá nǹkan lè ṣe kọ̀ǹpútà rẹ. Nǹkan sì ṣe é. Àgbàrá òjò wọ yàrá tí o gbà ní Ìjanikin, kọ̀ǹpútà mu omi yó. Ìyá mi ti kú nígbà náà. O sáré wálé wá béèrè fíláàṣì, mo wo ojú rẹ, mo ní eku ti gbé e. O sunkún títí ojú rẹ fi wú, o sì tún fi odidi ọdún kan ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ìdí tí mo fi ṣe é kò tó nǹkan, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Mo ti gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa. Ìyá mi sọ pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi gbé mi lọ pẹja, ẹja kan fò wọ inú ọkọ̀, èmi náà sì fò bọ́ sínú omi. Àwọ̀n ni wọ́n fi wọ́ mi jáde, àwọn ọmọ etí ọ̀sà wá ń pè mí ní Ẹja-Lé-E. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ń wúkọ́. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, tí mo ń na ọmọ torí pé ẹ̀rù ń bà á láti dìde kàwé! Mo rò ó pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yóò pé jọ ní yunifásítì láti fi mí rẹ́rìn-ín. Nítorí ẹ̀rín ni mo ṣe gba ọdún kan lọ́wọ́ rẹ.

N kò sì lè jù ú nù, ohùn ìyá mi ni. Mo wá ronú pé kí ni iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ kì í bàjẹ́ létí òkun wa níbí? Ẹja gbígbẹ ni, èyí tí èéfín ti wọ̀ lára. Mo fi ọ̀rá wé e, mo sọ ọ́ sínú agolo mílíìkì, mo so ó mọ́ àjà ilé ìdáná, mo sì gbà pé kò sí ọ̀mọ̀wé tó lè tọ́jú rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù tó kọjá, Comfort wá kó ẹja rẹ̀ tó gbé sí àjà mi, ó ṣí agolo, ó bi mí pé irú ẹja wo ló dúdú báyìí tí kò lórí tí kò nírù. Mo jẹ́wọ́. Ó pè mí ní òmùgọ̀ tó mọ̀wé. Ó ní ẹja lásán gan-an òun kì í kó o síbì kan: díẹ̀ wà lórí ààrò, díẹ̀ wà nínú agolo ní yàrá, díẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ òun ní Morogbo, torí ọdún tí omi gbé ilé ìdáná òun lọ, ti Morogbo ni àwọn rí jẹ. Ó ní òun sì máa ń ṣí wọn wò, torí apẹ̀rẹ̀ ẹja tí a kò ṣí wò, kòkòrò ló ni ín.

Mo gbé e lọ bá Ìyá Jésùtófúnmi, ayálégbé wa tó wá láti Ọ̀yọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní yunifásítì. Ó ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, kò dáhùn. Ó fi aṣọ nu ẹnu fíláàṣì, ó ní Bàbá, èédú ni ẹ gbé wá fún mi. Ó tún kì í bọ̀ ọ́, mo di àga mú, ìyá mi sì sọ̀rọ̀. Sewanu, mo dìde kí i! Ṣùgbọ́n ìtàn méjì kò ṣí mọ́, àti orin tó fi ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́. Ooru ààrò mi ló jẹ wọ́n. Èyí tí mo tìtorí rẹ̀ gbé e pamọ́ ló mọ́ ketekete jù. Ìyá Jésùtófúnmi bi mí bóyá kí òun gé ibẹ̀ kúrò, mo ní kó má gé e.

Ó wá ní ká ṣe ẹ̀dà rẹ̀: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú díìsìkì ńlá tí yóò wà lọ́dọ̀ Comfort lódìkejì ọ̀sà, ọ̀kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rù bà mí pé tí a bá ń bu ohùn náà báyìí, ti àkọ́kọ́ á máa lọ sílẹ̀. Mo gbé fíláàṣì lé ìwọ̀n tí Comfort fi ń ta edé kí wọ́n tó ṣe ẹ̀dà, mo tún gbé e lé e lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ ìwọ̀n kò mira rárá! Ṣé ohùn kò wúwo ni? Bá mi bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ti íńtánẹ́ẹ̀tì náà ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ó ní kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ló ń bá wa gbé e dání. Ta ni olórí ilé náà, ṣé ó ní àrólé, kí sì ni ó ń jẹ? Ẹni tó bá ń báni tọ́jú ẹrù, a kì í lọ kí i lọ́wọ́ òfo. Mo ti ya àgbọn sọ́tọ̀, àdírẹ́sì ni mo ń wá.

Mo mọ̀ pé ẹlẹ́bi kì í na ọwọ́, ṣùgbọ́n owó díìsìkì Comfort àti owó dátà tí Ìyá Jésùtófúnmi lò wà nílẹ̀. Tí ó bá rọrùn, fi díẹ̀ ránṣẹ́. Tí kò bá rọrùn, n óò ta àgbọn. Ohun tí o bá fi síkàáwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní sọnù mọ́. Ọmọ rẹ yóò mọ ohùn rẹ, yóò sì mọ ohùn àwọn tó bí ọ.

Dèjì, ọkọ ọmọ Comfort, ni yóò mú fíláàṣì náà wá lọ́jọ́ Sátidé. Òun gan-an ni, kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ìyá Jésùtófúnmi ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn, ohùn kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n èyí ni o fi lé mi lọ́wọ́, òun náà ni mo sì fi lé ọ lọ́wọ́ padà.

Èmi bàbá rẹ,
Adédìran