Etí Aṣọ Kejì Lábẹ́ Igi Ọsàn

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹsẹ̀ Bàbá ti fúyẹ́? Àlàáfíà ni èmi àti Farhang ọkọ mi wà ní Sari níbí. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí ó ráyè kí yín.

Igi ọsàn kíkan ẹ̀yìnkùlé wa ti yọ òdòdó. Bí òórùn dídùn rẹ̀ ṣe kàn mí nímú, ilé yín ní Shiraz ni mo bá ara mi. Mo rí èmi àti Bàbá tí a tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ igi, tí a di etí rẹ̀ mú, tí ẹ̀yin ń mi ẹ̀ka, tí ẹ ń pariwo: "Bàbá Mahrokh, ẹ di aṣọ yẹn mú dáadáa! Àbí ilẹ̀ lẹ fẹ́ fún ní jáàmù jẹ ni?"

Mo ti se jáàmù òdòdó tèmi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń pààrọ̀ omi òdòdó náà kó má bàa korò, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo so etí aṣọ kan mọ́ òpó ọgbà, mo so èkejì mọ́ ìbàdí mi, mo sì mi igi fúnra mi. Púpọ̀ dà sílẹ̀. Ìgò kan ló kún. Ó tó mi jẹ.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní kí wọ́n má jẹ́ kí etí aṣọ tiwọn bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Mahrokh yín