Ìdọ̀bálẹ̀ Níwájú Kọ̀ǹpútà

Abúlé Ọdẹ́yẹmí,
Lẹ́bàá Ìlaròó.

Rekiat ọmọ mi,

Àlàáfíà ni lẹ́tà yìí yóò bá ọ, nítorí mo ti gbàdúrà lé e lórí kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí, á dá ti ọkọ rẹ Ọlánípẹ̀kun sí, á sì dá ti Mujeedat ọmọ-ọmọ mi sí, ẹni tí mo gbọ́ pé ó ti ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí. Ìgbà tí kò tíì lè gbé orí dúró ni ìyá rẹ wá sí Ajégúnlẹ̀ láti wá máa wẹ̀ ẹ́. Ọmọ ti wá ń sáré, ẹni tó wá wẹ̀ ẹ́ kò tíì padà sílé. Mo kàn ní kí n fi ìyẹn sínú ìkíni ni, a ó tún dé ibẹ̀.

Gbogbo ará ilé ń kí ọ. Ewúrẹ́ bí ìbejì, abo ni méjèèjì. Ẹ̀gẹ́ ṣe dáadáa lọ́dún yìí, ìwọ náà á ti rí i lára gààrí tí Gafar ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fi mọ́tò rẹ̀ kó wá sí ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún àlùfáà wa, ó sì yọrí sí rere, ó ti ń ríran débi pé ó ti ń mọ àwọn tí kò wá kírun, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń sọ pé wọn ì bá má sáré ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ Gafar. Fóònù kò dára fún ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí èèyàn bá bá ọ sọ nínú yàrá yẹn, ìyá rẹ ń gbọ́, Preye tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiyín ń gbọ́, èyí tí Preye kò bá sì gbọ́ dáadáa, á kàn wá béèrè rẹ̀ ni. Lẹ́tà ní tirẹ̀ kò lóhùn. Tí Gafar bá ti fi lé ọ lọ́wọ́, mú un lọ kà ní balùwẹ̀.

Nínú lẹ́tà tí o kọ sí mi, o sọ pé owó tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, ohun kan ṣoṣo ló lè rà kún kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń wo fíìmù, pé kí èmi bàbá dá sí i, kí n sọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Ó dùn mọ́ mi nínú pé ẹ kò fi ojú ará oko wò mí. Mo ti fara balẹ̀ rò ó, mo sì ti bi Gafar léèrè, nítorí òun ló ti fojú rí ẹ̀rọ náà. Ó ní tòkunbọ̀ ni, pé ọ́fíìsì kan ní Wharf Road tí ọkọ rẹ máa ń bá gba ẹrù jáde ní èbúté ló tà á fún un ní gbàǹjo nígbà tí wọ́n ra tuntun, pé ọkọ rẹ fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá ara ògiri, yàrá kan ṣoṣo wá di ilé sinimá. Ọkọ rẹ lọ́gbọ́n. Ọgbọ́n yẹn ló gba ìyàwó lọ́wọ́ mi, àmọ́ ọgbọ́n ni, n kò ní purọ́.

O kọ́kọ́ mẹ́nu ba mẹ́mọ̀rì. O ní tí ẹ bá fún ẹ̀rọ náà níṣẹ́ méjì pọ̀, ńṣe ló máa dúró tí á máa wò yín, nítorí pé iyè rẹ̀ kéré, àti pé wọ́n ń ta iyè lọ́jà, èèyàn lè rà á kún un. Mo ka ibẹ̀ léraléra. Tó bá jẹ́ lóòótọ́ ni wọ́n ń ta iyè ní Èkó, ẹ má tíì rà á fún ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ ra díẹ̀ fún ìyá rẹ, kó lè rántí pé òun lọ́kọ.

Ní ti díìsì tí ẹ ní fíìmù ti kún inú rẹ̀, pé ẹ fẹ́ ra èyí tó tóbi jù ú lọ, mo lòdì sí i pátápátá. Àgbẹ̀ tí àká rẹ̀ bá kún, jíjẹ ló kàn, kì í ṣe àká mìíràn ni yóò lọ kọ́. Ìyá rẹ sọ fún Gafar pé òun kò ní kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé òun wo gbogbo fíìmù inú rẹ̀ tán. O wá fẹ́ kí n fọwọ́ sí i pé kí ẹ ra èyí tó tóbi. Rekiat, ṣé èmi kọ́ ni mo bí ọ ni?

Sípíkà kò yẹ kó jẹ́ ohun tí à ń jíròrò lé lórí. Gafar ní Preye kì í wọlé wá wo fíìmù mọ́, inú yàrá rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì máa ń bá wọn sunkún níbi tó bá yẹ. Ta ló tún kù tí ẹ fẹ́ kó gbọ́? Ṣé àwọn awakọ̀ tírélà tó wà lójú ọ̀nà Àpápá ni?

Fáànù inú ẹ̀rọ ní tirẹ̀, o ní ó ń pariwo, pé ẹ fẹ́ èyí tó máa dákẹ́. Tí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lóru, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa bóyá ẹ̀rọ ni lóòótọ́. Èmi tí mo ti bá ìyá rẹ sùn láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, mo mọ irú ariwo tó lè máa ti igun yẹn jáde wá. Nígbà yẹn mo máa ń fi ìgúnpá gún un kó lè yí ẹ̀gbẹ́ padà. Báyìí ilé dákẹ́ tóbẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ ìgbà tí aláǹgbá ń rìn lórí àjà, n kì í sì í lè sùn. Ẹ má pààrọ̀ fáànù kankan.

Ó wá ku kíbọọ̀dù aláìníwáyà tí ẹ máa ń gbé lé itan, àti kámẹ́rà kékeré tó jẹ́ ojú kọ̀ǹpútà. Méjèèjì ló ti bàjẹ́, mo sì mọ̀ pé mo lọ́wọ́ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ rẹ ló ṣe é.

Ìwọ náà rántí ọjọ́ Àìkú tí Gafar gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi pé n ó rí ojú ìyá rẹ. Mo wẹ̀, mo wọ bùbá funfun, mo dé fìlà tí mo fi ṣe ìgbéyàwó rẹ. Gafar ti kìlọ̀ fún mi pé ojú mi máa tóbi ju ilẹ̀kùn lọ lára ògiri yín, mo sì fá irùngbọ̀n mi nítorí ìyẹn. Ọkọ rẹ gbójú sókè, ó rí bàbá ìyàwó rẹ̀ tó tóbi ju ilẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n kọ́ ọ nílé. Àmọ́ ibi tó ti ń dọ̀bálẹ̀ ló ti fi ẹsẹ̀ kọ́ wáyà, kọ̀ǹpútà já lulẹ̀, ojú rẹ̀ fọ́, gbogbo rẹ̀ sì dúdú. N kò rí gèlè ìyá rẹ, ká má tíì sọ ojú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ti kó wáyà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ní kí a tún un ṣe. Ojú ẹ̀rọ ti fọ́, ẹ̀yin ń rí mi, èmi kò rí yín, ohùn yín nìkan ni mo ń gbọ́. Ojú mi yọ lára ògiri, ọkọ rẹ tún dọ̀bálẹ̀, n kò sì lè dá a lẹ́bi, nítorí àna kì í yan ọjọ́ tí yóò dọ̀bálẹ̀ àti ọjọ́ tí kò ní ṣe é. Bí mo ti fẹ́ súre fún un ni mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń bú ọkọ rẹ̀. Ó ní ọkùnrin yẹn kò wúlò, pé òrùlé ilé ìdáná ń jò, pé adìyẹ àti òun ló jọ ń sùn nínú ilé kan náà. Ìwọ náà mọ ilé ìdáná wa. Ta ni ǹ bá rò pé ó ń sọ̀rọ̀?

Mo ṣí fìlà. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó forí jì mí, pé n ó kan páànù sí ilé ìdáná, pé adìyẹ á jáde kúrò níbẹ̀, pé n kò ní máa tan rédíò mọ́ tó bá ti sùn. Ibi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ ni ọkùnrin kan ti dá obìnrin náà lóhùn, tó sọ pé kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Mo wá bi í pé ọkùnrin wo ló wà nínú yàrá ọmọ mi tó ń fẹ́ ìyàwó mi níṣojú ọmọ mi. Ibẹ̀ ni Gafar ti gba fóònù lọ́wọ́ mi, tó jókòó sílẹ̀, tí kò lè sọ̀rọ̀ fún ẹ̀rín. Ó pẹ́ kó tó lè ṣàlàyé pé àyà ọkọ rẹ ló balẹ̀ sórí kíbọọ̀dù nígbà tó dọ̀bálẹ̀, tó tan fíìmù sílẹ̀, tó sì fọ́ kíbọọ̀dù.

Ìyá rẹ mọ̀ pé fíìmù ni mò ń bẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ nígbà tí Gafar dé Ajégúnlẹ̀, ó rán an sí mi pé òun gbọ́ gbogbo ìlérí mi, pé ó dùn mọ́ òun, pé tí páànù bá ti wà lórí ilé ìdáná, òun á máa bọ̀. Preye pàápàá bi Gafar léèrè bóyá bàbá ti ra ìṣó.

Mo ti kàn án. Obìnrin tí n kò mọ̀ rí ló bú mi tí mo fi kan páànù, ó ń dán báyìí, àwọn adìyẹ ti jáde, wọ́n sì ń bínú. Mo ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ti parí. Ìyá rẹ wá dáhùn pé òun mọ̀ mí, pé òun fẹ́ fi ojú ara òun rí páànù náà nínú tẹlifíṣọ̀n ara ògiri yín kí òun tó di ẹrù. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yín fi di ọ̀rọ̀ ilé mi, nítorí láìsí kíbọọ̀dù, ẹ kò lè gba ìpè Gafar lórí rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ra kíbọọ̀dù lónìí, Gafar á gbé fóònù sókè, ojú mi á yọ, àyà ọkọ rẹ á tún balẹ̀ sórí rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n ní kó má dọ̀bálẹ̀ mọ́. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá tó bá ní kí àna òun dáwọ́ ìdọ̀bálẹ̀ dúró ti ta ọmọ rẹ̀ lọ́pọ̀. Mo tún rò ó pé kó máa dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, kí ìwọ ṣe ẹlẹ́rìí. Ta ni yóò wá súre fún un? Gafar ní kó dọ̀bálẹ̀, kí ẹ yà á sínú fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ìyẹn náà kò dára, nítorí ìgbà tí mo bá ń súre lé e lórí níbí, ó ti dìde, ó ti wà ní Wharf Road, àdúrà á máa wá a kiri láàárín àwọn tírélà.

Nítorí náà mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bàbá ìyàwó kì í lọ sùn nílé àna, láti ọjọ́ tí o ti lọ́kọ n kò sì sùn ní ọ̀dọ̀ yín rí. Ṣùgbọ́n ibi tí ìyàwó èèyàn bá wà, ibẹ̀ nilé rẹ̀, n kò sì lè máa dá sùn mọ́. Mo lè bá Gafar wá. N ó gbé rédíò mi dání. Ọkọ rẹ á dọ̀bálẹ̀ fún mi kó tó jáde ní ìdájí, á dọ̀bálẹ̀ nígbà tó bá dé ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní kí Gafar fi ojú wọn yàrá náà. Ó ní pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, tẹlifíṣọ̀n àti ọpọ́n ìwẹ̀ Mujeedat, tí ọkọ rẹ bá dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn èèyàn á máa dá a kọjá. Ó sì mọ̀ mí, n kì í kánjú ṣe àdúrà. N ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn baba ńlá rẹ̀, n ó sì wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ni kó yan ohun kan ṣoṣo tí owó yín máa rà: owó mọ́tò ìyá rẹ wá sí Ìlaròó, tàbí ẹní tí n ó máa sùn lé lọ́dọ̀ yín. Kó fi èyí tó bá yàn rán Gafar ní ọjọ́ tó bá ń padà bọ̀. Tí owó bá ṣẹ́kù, ẹ bá mi fi ra bátìrì.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilé rẹ dá páropáro. Ọmọ tí o bí á tọ́jú rẹ bí o ti ń tọ́jú ìyá rẹ, kò sì ní gbà ọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ. Èbúté á máa ṣí fún ọkọ rẹ, ẹrù rẹ̀ kò ní há. Mo sì mọ̀ pé nígbà tí o bá ń ka ibí yìí fún un, á ti dọ̀bálẹ̀. Sọ fún un pé mo ti ṣe àmín, kó dìde, kó lọ wá owó mọ́tò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Búráímọ̀ Ọdẹ́yẹmí.